Kí Ojú Màámi Lè Sinmi

Òórùn irin tí wọ́n ń jó àti ti gírísì ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn àpáta tútù a dà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí orí àpáta gan-an ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà lé. Ọ́fíìsì mi kò jìnnà síbẹ̀. Bí mo bá ṣí fèrèsé, mo máa ń gbọ́ ìró òòlù àti ẹ̀rín àwọn ọmọ náà, mo sì máa ń mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kí n tó yọjú. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà tí o ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Òórùn kan wà tí kì í jáde lára aṣọ ẹni mọ́. Tèmi nìyẹn.

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ wọn, èmi ni olùdámọ̀ràn àwọn tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹni tí kò mọ ẹ̀kọ́ tí yóò yàn, ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ já jù sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ọ̀dọ̀ mi náà ni. Wọ́n ń pè mí ní Àlàájà nítorí ìbòrí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì fojú kan Mẹ́kà. Mo ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi, mo wá ń ṣe àmín sí i. Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn tó ń ta àdìrẹ, ilé kéwú ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó tẹ́tí sílẹ̀ kó tó la ẹnu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún alùfáà tó kọ́ mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ Ọ̀fàdà ni. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, súwẹ́tà kì í sì í bọ́ lọ́rùn rẹ̀ àní nígbà tí oòrùn bá ń ràn bí iná. Àrùn ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n bí mọ́ ọn, irú èyí tó máa ń dá ìrora sí egungun nígbà òtútù tàbí nígbà tí ara bá ti rẹ̀ ẹ́ jù. Kò fi pamọ́, kò sì fi ṣe àwáwí. Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá wá fún mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ ńláńlá wá. Òun kàn jókòó, ó ní, "Àlàájà, ojú màámi ti ń ṣe bàìbàì. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kí ojú màámi lè sinmi."

Ìrẹsì Ọ̀fàdà dùn, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò tíì fi eyín kan òkúta nínú rẹ̀ rí? Láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ nìyẹn: àwọn tó ń tà á yóò kó o wá, òun yóò dà á sórí atẹ, yóò sì tẹ orí ba láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí yóò máa ṣà á. Ọmọ náà ya àwòrán ẹ̀rọ rẹ̀ fún mi: asẹ́ onírin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ga díẹ̀, tí mọ́tò ń gbọ̀n, tí fáànù sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba abẹ́ rẹ̀, kí ìrẹsì tó fúyẹ́ lè máa ṣàn wálẹ̀, kí òkúta tó wúwo sì máa gun òkè lọ. Mo wo àwòrán náà, mo wo ojú rẹ̀, mo ní kó lọ bẹ̀rẹ̀.

Àṣà kan wà ní ẹ̀ka tiwa tí ọ̀gá wa àtijọ́ fi lélẹ̀. A kì í dán ẹ̀rọ wò lófìfo. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é fún ni yóò gbé iṣẹ́ wá lọ́jọ́ ìdánwò: àgbẹ̀ a gbé àgbàdo wá, aládìrẹ a gbé aṣọ wá. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, àwa olùkọ́ kì í sọ nǹkan kan títí ẹni náà yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "ó ṣiṣẹ́" tàbí "kò ṣiṣẹ́." Àwọn ọmọ bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ju máàkì wa lọ. Èyí ni ọmọ Ọ̀fàdà yìí ń lé. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dúró níwájú gbogbo wa, kó wo ìrẹsì, kó sì sọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àìsàn náà dá a dùbúlẹ̀. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn, nígbà tó sì padà, ó ti rù. Mo ní kó ronú bóyá kó dá ọdún náà dúró, kó lọ sinmi, kó sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. A kì í ṣe irú èyí láìpe òbí, nítorí náà mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, ìrìn rẹ̀ yá, ó sì máa ń fún ojú pọ̀ kó tó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, mo yára dì í mú.

"Àlàájà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," ló wí. "Kó wá sinmi nílé. Ìwé ò ní sá lọ."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Màámi, ìwé ò ní sá lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni yóò sá lọ. Ta ni yóò wá máa bá mi gbé irin?"

"Ìwọ tí o rí bí igi ìgbálẹ̀ yìí, irin lo tún ń gbé?"

"Èmi kọ́ ni mò ń gbé e. Àṣẹ ni mò ń pa."

Ìyá kọjú sí mi. "Ẹ gbọ́ ọ, Àlàájà? Àṣẹ! Ẹni tí ewúrẹ́ ilé wa ò kà sí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ pé kò léwu bó bá ń ṣe iṣẹ́ ìjókòó, bí kò bá gbé ẹrù wúwo, tó sì sá fún òtútù. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bí mo bá mú un lọ sílé, àìsàn nìkan ni yóò máa rò. Ẹ jẹ́ kó ṣe é." A fẹnu kò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́ agbára.

Bí ìyá náà ti dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kúkú yọjú wo ẹ̀rọ ọ̀hún kí n tó máa lọ." Kò ju kí ènìyàn yí igun ilé ká lọ. Ọmọ náà sáré dí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Rárá o, Màámi! Bí ẹ bá rí i báyìí, ẹ ó ní àdògán ni mò ń kàn."

"Jẹ́ kí màmá wò ó," ni èmi náà wí.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ ìdánwò ni mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó ku díẹ̀."

Ìyá náà mi orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, pa á mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ọjọ́ náà." Mo ṣe àmín.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ wa gan-an. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àga oníke kan sí igun tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ jù, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀, ó sì ń pariwo: "Ẹ sún un sẹ́yìn! Ẹ̀yìn ni mo wí, ẹ kì í gbọ́ràn ni?" Fọ́máànù ni wọ́n sọ ọ́. "Fọ́máànù, ebi ń pa àwọn lébìrà o!" Òun a ní, "Ẹ kọ́kọ́ de bóòtù ẹ̀rọ yẹn le." Bí ìrun Alásàrí bá tó, yóò wá sí ọ́fíìsì mi kí a jọ kí i. Lọ́jọ́ tí egungun bá ń dùn ún, ìjókòó ló ti máa ń kírun, n kò sì gbọ́ kó ráhùn rí. Lẹ́yìn àdúà, ó máa ń béèrè pé, "Àlàájà, ṣé ẹ rò pé màámi yóò sọ ọ́?" Mo máa ń ní wọn ó sọ ọ́.

Ìdánwò ti sún mọ́lé nígbà tí òtútù tún padà wá lójijì. Ó ti lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè mí. Ẹkún rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Nígbà tí mo fi dé Ọ̀fàdà, wọ́n ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti pa á láṣẹ pé kí a má fi òkú falẹ̀.

O mọ àṣà wa, ọ̀rẹ́ mi. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ibojì rẹ̀ hàn án. Inú yàrá ni wọ́n dá ìyá náà dúró sí nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Orí ẹní ni mo bá a, láàárín àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ gbẹ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àlàájà, ṣé ó ti parí?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ẹ̀rọ ló ń béèrè. "Ó ku díẹ̀," ni mo wí, mo sì gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú ohùn ara mi. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló parí rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ kan béèrè pé ta la fẹ́ fún ní máàkì, wọ́n ní bí a kò bá ní dán ti Fọ́máànù wò, kí a má wulẹ̀ dán tiwọn wò. Mo lọ pe ìyá rẹ̀. Mo rò pé kò ní wá, n kì bá sì dá a lẹ́bi. Ó wá. Ó ru ìrẹsì tí kò ṣà.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n tan mọ́tò, asẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n da ìrẹsì sí i. Ó ṣàn wálẹ̀ bí omi, òkúta sì ń fò díẹ̀díẹ̀ gun òkè, bí ọmọ náà ti yà á nínú àwòrán gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n pa á, ìyá náà bu ìrẹsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka tú u. Gbogbo wa ń retí ẹnu rẹ̀. Ó wò yíká, ó ní, "Níbo ló máa ń jókòó sí?"

Wọ́n nawọ́ sí àga oníke náà. Ó lọ jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì wo ẹ̀rọ náà láti ibi tí ọmọ rẹ̀ ti máa ń wò ó.

"Ó ṣiṣẹ́," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ní ó ṣiṣẹ́."

Ìgbà yẹn ni omi wá dà lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í. Ó rọra sọ fún mi pé, "Wọn ò fi sàárè rẹ̀ hàn mí. Ibí ni mo ti wá rí i. Ó ní kí ojú mi sinmi, Àlàájà. Kí ni n ó wá máa fi ojú náà wò?" Mo kàn dì í mú ni.

Ẹ̀rọ náà wà ní Ọ̀fàdà báyìí, ìyá rẹ̀ sì ń lò ó. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé ariwo rẹ̀ pọ̀ bíi ti ẹni tó ni ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yá wa ní ọmọ náà. Mo ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi sì ṣì ń gbọgbẹ́. Mo ti wá mọ̀ pé Ọlọ́run ń gba ọpẹ́ àti ọgbẹ́ ọkàn méjèèjì lọ́wọ́ ẹrú Rẹ̀. N kò bínú sí ọmọ náà pé ó dí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Ayọ̀ ló fẹ́ kó jọ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà rí ẹ̀rọ, kò rí ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń pàṣẹ, tí àwọn ọmọkùnrin ńlá ń sáré sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó níwájú mi lónìí, tó ń ka ohun tó fẹ́ ṣe fún mi, mo máa ń bi í pé ta ló ń ṣe é fún. Bó bá dárúkọ ẹnì kan, mo máa ń ní kó pe ẹni náà wá lọ́sẹ̀ yìí. Òun á ní, "Àlàájà, kò tíì parí, kò tíì rí bí nǹkan kan." Mo máa ń ní, "Kó wá bẹ́ẹ̀. Kó wá bá ọ níbi tí gírísì ti kún ọwọ́ rẹ."