Ọ̀pá Dígí Baba Sopan

Gbogbo ìlú Karewadi ló mọ ìtàn wàrà Vilasrao, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa ń sọ ọ́ dáadáa jù. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú Shravan, oṣù mímọ́ òrìṣà Shiva, ni. Òjò ń rọ̀, gbogbo ìlú ti tò sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Shiva, oníkálukú pẹ̀lú ife wàrà tí yóò fi wẹ òkúta òrìṣà. Vilasrao, agbaṣẹ́ṣe tó ń kó ìrèké fún ilé iṣẹ́ ṣúgà, kò gbé ife wá ní tirẹ̀. Agolo ńlá mẹ́rin ló kó wá, ogójì lítà, pẹ̀lú àwọn onífèrè níwájú àti ayafótò lẹ́yìn.

Baba Sopan Jagdale wà lórí àtẹ̀gùn, níbi tó máa ń jókòó sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ta wàrà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òun ló ń dán wàrà wọn wò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó mú ọ̀pá dígí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ sílé, ó sì ń fi í sápò àyà bí akọ̀wé ṣe ń fi bírò sápò. Bí wàrà bá dáa, ọ̀pá náà á léfòó, á nàró. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, á rì.

"Vilasrao, dúró ná."

"Kí ló tún dé, Baba?"

"Òrìṣà ò lè sọ̀rọ̀. Jẹ́ n bá a wò ó."

Kí ẹnikẹ́ni tó dí i lọ́wọ́, ó ti sọ ọ̀pá sínú agolo kìn-ín-ní. Ọ̀pá rì títí ó fi ku orí rẹ̀ nìkan. Ó wo èkejì, ó wo ẹ̀kẹta, ó wo ẹ̀kẹrin. Ó nu ọ̀pá rẹ̀ mọ́ etí aṣọ.

"Ọgbọ̀n lítà wàrà," ó ní, "àti lítà mẹ́wàá odò Krishna. O ṣeun o, Vilasrao, àmọ́ òrìṣà ti ní odò tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde. Onífèrè kan rẹ́rìn-ín sínú fèrè rẹ̀, fèrè náà dún bí ewúrẹ́. Ojú ti Vilasrao débi pé ó fi ìbọ̀wọ̀ fún àgbà sílẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ẹ bi í léèrè ibi tí mo ti rà á! Ṣọ́ọ̀bù Hanmant ni! Hanmant, ọmọ ẹ̀, ọmọ tó bí nínú ara ẹ̀!"

 Baba Sopan wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀pá náà ló parọ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Ẹ bá mi pe Hanmant," ó ní, "kó wá kó omi ẹ̀ lọ."

Hanmant kò wá. Ilé ni òun àti bàbá rẹ̀ ti pàdé ní ọ̀sán, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ, nítorí pé páànù ni ògiri ilé ìdáná wọn. A kò gbọdọ̀ rẹ́ Hanmant jẹ. Owó oúnjẹ màlúù ti di ìlọ́po méjì, bẹntiróòlù ọ̀kadà ń gòkè, ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ olówó ní Satara.

"Baba, gbogbo wọn ló ń bu omi sí i! Gbogbo wọn! Bí mo bá ń ta ojúlówó níye tí wọ́n ń ta ayédèrú, ṣé òtítọ́ yín la ó máa fi ata jẹ ni?"

"Òun ni mo fi tọ́ ẹ. Ṣé o rù?"

Hanmant kò rù rárá, ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù. Ó jáde, kò sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ rántí pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, yàrá mẹ́ta, ilẹ̀kùn kan. Ọ̀rọ̀ ilé kò sì lè ṣe kó má wáyé. Gauri ni wọ́n wá ń bá sọ̀rọ̀, màlúù kan ṣoṣo tó jẹ́ ti baba fúnra rẹ̀, tí wọ́n so sí ẹ̀yìnkùlé.

"Gauri," baba á wí, "sọ fún onílé pé òrùlé ń jò."

"Gauri," Hanmant á dáhùn láti inú ilé, "sọ fún bàbá àgbà pé mo ti rí i."

"Gauri, bi í pé ìgbà wo ló rí i, nítorí pé oṣù kẹta ló ti ń jò."

Sindhu, ìyàwó Hanmant, ló máa ń gbé tíì fún àwọn méjèèjì. Ó sọ lọ́jọ́ kan létí kànga pé nínú gbogbo ilé àwọn, màlúù yẹn nìkan ló ní làákàyè: ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, kì í sì í dá sí i.

Baba kò bínú sí owó o. Ẹni tó bá rò pé olùfọkànsìn tó kórìíra owó ni, kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dúnàádúrà lórí àgbọn ọrẹ títí òǹtajà á fi fẹ́ sunkún. Ohun tó ń sọ ni pé Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, àlejò ni, ó sì ní ẹsẹ̀. Lọ́dún kẹta ìdákẹ́jẹ́ wọn, nígbà àjọ̀dún Diwali, Hanmant fi ìyẹ̀fun funfun ya ẹsẹ̀ Lakshmi sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí gbogbo wa ti ń ṣe, ẹsẹ̀ kéékèèké tó wọlé láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àpótí owó. Ó lọ sílé lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ mìíràn ti wà níbẹ̀: láti ìdí àpótí owó, ó gba ẹ̀gbẹ́ agolo wàrà, ó jáde sí títì.

Ìyẹ̀fun rúpì márùn-ún ni baba rà. Ẹsẹ̀ náà rí gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ tó ń sáré.

Àwọn oníbàárà dúró, wọ́n ń wò ó. Ìyá arúgbó kan béèrè lọ́wọ́ Hanmant pé, "Ọmọ mi, ṣé àwọn òrìṣà méjì ni, àbí ọ̀kan náà ló gbàgbé nǹkan?" Hanmant mú ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Títà ọjọ́ yẹn kò dáa.

Ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀ ló wá kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, baba á jókòó sábẹ́ igi pípalù ńlá tó wà nínú ọgbà tẹ́ńpìlì, á máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kò gba kọ́bọ̀. Òun ló ń ra ẹ̀pà sísun tí wọ́n ń jẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, wàrà ìdájí ni yín. Ẹnikẹ́ni ò tíì bu omi sí yín. Ẹ kíyè sí ẹni tó bá gbé kẹ́tùlù dání!" Ó máa ń sọ pé ìgbàgbọ́ kì í ṣe kí èèyàn gbé wàrà wá síwájú òrìṣà, ìgbàgbọ́ ni kí èèyàn dá wà nínú yàrá pẹ̀lú wàrà àti omi, kó sì jáde pẹ̀lú wàrà nìkan. "Ẹ ṣiṣẹ́, ẹ lówó, ẹ kọ́lé! Àmọ́ owó tí omi wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá gun orí ẹ̀ á rì."

Ó máa ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ fún àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀. Gbogbo wa mọ ìdí. Ṣọ́ọ̀bù Hanmant kọjú sí igi náà, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ péré ló wà láàárín wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ kó gbọ́ ọ. Bí baba bá ti gbé ohùn sókè, Hanmant á gbé rédíò sókè.

Ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pà náà ṣe gudugudu méje, àmọ́ wọ́n di mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ kan ní Pune gba méjì, ọ̀kan gbéyàwó, ó wá ku Omkar. Omkar kò pa ọjọ́ kan jẹ fún oṣù mẹ́rìnlá. Á dúró sábẹ́ igi náà, á tẹrí ba, kò ní sọ̀rọ̀. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. "Ẹnì kan tó," ó ń sọ káàkiri. "Ẹnì kan ṣoṣo tó."

Nígbà tó yá, wọ́n gbé òpó fóònù tuntun kalẹ̀ sí ibùdókọ̀. Omkar kò wá mọ́. Baba lọ bá a níbẹ̀.

"Omkar, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, Baba. Abẹ́ igi yẹn nìkan ni fóònù ti ń já gaara tẹ́lẹ̀ ni."

"Ẹ̀kọ́ náà ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo máa ń fi nǹkan sétí gbọ́ orin ni."

Ọjọ́ yẹn nìkan ni a rí Baba tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ kọjá láìwo inú agolo. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ó ní fún wa, "igi ni mo ń bá sọ̀rọ̀." Síbẹ̀, nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó tún lọ jókòó síbẹ̀ tòun ti ẹ̀pà rẹ̀, ó ń kọ́ igi. A bi í pé kí ló dé. Ó ní ó kéré tán, igi kì í fi nǹkan sétí.

Ó darúgbó lójijì lẹ́yìn ìyẹn. Ikọ́ wọ̀ ọ́ láyà nínú òjò ọdún kẹfà. Dókítà gba owó, ó ní kí wọ́n gbé e padà sílé. Sindhu ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ tó kẹ́yìn fún wa. Hanmant wọ yàrá náà, ó gbé ife wàrà gbígbóná dání.

"Baba, ẹ mu nǹkan díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ọwọ́ baba lọ sí àpò àyà, bó ti máa ń lọ. Ó kan ọ̀pá dígí náà. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó wá mú ọwọ́ kúrò lápò, ó gba ife náà, ó mu ún tán.

"Ó dáa," ó ní. "Wàrà dáadáa ni."

Irọ́ kan ṣoṣo tó pa láyé rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rí tí a ní sì ni pé Sindhu ló se wàrà náà, láti inú agolo ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbogbo wa lọ sí etí odò bó ṣe yẹ. Àwòrò Keshav ṣù ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ wàrà, ó gbé e sórí ewé, ó gbé ohun tí baba fẹ́ràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, ata, ẹ̀pà, àti ọ̀pá dígí náà. A bọ́ sẹ́yìn, a ń retí kannakánná. Bí ẹyẹ náà bá jẹ ẹ́, òkú ti lọ ní àlàáfíà. Bí kò bá jẹ ẹ́, nǹkan kan ṣì ń dùn ún, ẹbí sì ní láti ṣe ìlérí títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀.

Kannakánná méje ló wà lórí igi. Kò sí èyí tó mira.

"Baba, a ó tọ́jú Gauri!" ni Sindhu kígbe.

Wọn kò mira.

"Baba Sopan," Vilasrao bọ́ síwájú, "mo ti dárí jì yín! Màá fi mábù ṣe àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì yẹn. Màá kọ orúkọ yín sí i." Ó rò ó díẹ̀. "Lábẹ́ tèmi."

Kannakánná tó tóbi jù yí ìdí padà sí wa.

Òjò dé. Wákàtí kan kọjá, èkejì kọjá. Àwòrò ní òun ní òkú mìíràn láti bójú tó ní ọ̀sán, owó rẹ̀ á sì lé. Omkar pàápàá wà níbẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní fi nǹkan sétí mọ́. Ẹyẹ kan bà sílẹ̀ nígbà náà, ó sún mọ́ ìrẹsì náà, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó dáadáa, ó fò padà. Mo ti rí ìwò yẹn rí. Lórí àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì ni.

Sindhu ló rọra béèrè. "Hanmant. Wàrà ibo ni wọ́n fi po ìrẹsì yìí?"

 Hanmant bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀pá dígí náà, ó fi í sínú ìkòkò wàrà tó ṣẹ́ kù. Gbogbo wa la rí i tó rì.

Ó dìde, ó rìn lọ sílé nínú òjò. A rò pé ìtìjú ló lé e lọ. Ó padà dé pẹ̀lú ife idẹ kan tí èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti lọ fún wàrà Gauri fúnra rẹ̀. Ó da ìrẹsì àkọ́kọ́ sódò, ó ṣù mìíràn, ó kúnlẹ̀ tì í. Ohun tó sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

"Baba, láti ọ̀la."

Kò tíì dìde tán tí kannakánná fi bà lé ìrẹsì náà, tó sì ń jẹ ẹ́.

Òótọ́ ni pé òjò dá ní àkókò yẹn gan-an, ebi sì ti ń pa àwọn ẹyẹ náà. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Àwòrò Keshav nu ojú, ó ní, "Ó kú, kò sì fẹ̀yìn tì." A rẹ́rìn-ín títí a fi ń sunkún.

Ẹ má rò pé ó dùn lẹ́yìn náà. Hanmant kò bu omi sí wàrà mọ́, ó fi rúpì méjìlá lé owó lítà kan, nínú àádọ́fà oníbàárà, ogójì sá lọ, Vilasrao ló ṣáájú wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ Satara. Mi ò lè sọ bóyá ṣọ́ọ̀bù náà á pé ọdún méjì sí i. Kò sí ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi ní Ọjọ́bọ̀.

Àmọ́ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ Shravan tó kọjá, Hanmant wá sí tẹ́ńpìlì pẹ̀lú ife kékeré kan. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń wà, ó yọ ọ̀pá dígí náà lápò àyà, ó sọ ọ́ sínú wàrà rẹ̀. Ọ̀pá léfòó, ó nàró.

Ó gbé ife náà sókè díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

"Baba," ó ní, "ẹ wò ó."