Ẹni Tó Máa Wa Ilẹ̀, Kó Kọ́kọ́ Wa Ọkọ̀

Àkùkọ kò tíì kọ tí bọ́ọ̀sì wa fi kúrò n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mi ń sùn fọnfọn, àmọ́ oorun ò kun èmi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn lórí pápá lé mi lọ́wọ́. Bí a ò bá rí ilẹ̀ wà, ìkankan nínú wọn ò ní gbàwé ẹ̀rí lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n sì máa bi.

Ọ̀nà dára díẹ̀ títí dé Ọ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ló ń darí wa. Ní Warri, a jẹ sítáàṣì, òkèlè aláwọ̀ ìyeyè tó ń fà, àti ọbẹ̀ ẹyìn. Ẹ̀bà wa ò lè fà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ní etí omi Ogbe-Ijoh, ọlọ́kọ̀ ojú omi wo ṣọ́bìrì wa. “Madam, una wan dig water?” Ó ní ṣé omi la fẹ́ gbẹ́ ni. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé abúlé àwọn apẹja Ìlàjẹ.

Bàbá Ayọ̀, olórí abúlé, ti jókòó dè wá.

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wa ilẹ̀ wa?”

“Àwa ni, Bàbá.”

“Ṣé ẹ lè wa ọkọ̀?”

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, àfi ìgbà tó na àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ sí mi. “Ẹ̀yin olórí wọn ni mò ń bá wí, kì í ṣe àwọn ọmọ.”

Nílé wa, omi la fi ń pàdé àlejò. Níbí, wọ́n fẹ́ kí àlejò kó sínú rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀. Mo wà á lápá ọ̀tún, ó ń pòòyì. Mo wà á lápá òsì, ó dà mí sómi, jàbú! Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mi bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín nínú omi. Títí, ọ̀kan nínú wọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ló kọ́kọ́ pariwo: “Ẹ wà á, mà! Ẹ wà á!”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ lọ wa ilẹ̀ yín. Ẹni tó gbà kí ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi òun rẹ́rìn-ín, kò ní purọ́ ohun tó bá rí mọ́ wa.”

Àpáàdì àtijọ́ la rí, ojú okùn tí amọ̀kòkò fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ṣì wà lára rẹ̀ kedere. Títí ló fi asẹ́ gbé e jáde. Ó ń jó nínú ẹrẹ̀, èmi náà ń jó. Inú mi dùn kọjá àfẹnusọ. Nígbà tí a parí, a bo kòtò tí a wà padà, Bàbá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

A délé láyọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí pé olórí ló ń kọ́kọ́ ṣubú sómi. Dókítà ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mi ń pè mí tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ ni wọ́n ń pè mí báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ.