Irúgbìn Tí Kifayah Pín

Kifayah kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣaláìsí. Oko àgbàdo rẹ̀ ló kù tó ń kẹ́. Ní abúlé wọn, tí kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó lọ́wọ́ oko. Lọ́dún kan, ọ̀dá mú àgbàdo gbogbo wọn, ewé ká kò, àfi igi kan ṣoṣo lóko Kifayah tó dúró digbí. Ó fẹ́ kí gbogbo oko òun dà bíi rẹ̀.

Ọmọ́tọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́, ti fi bí wọ́n ṣe ń mú irúgbìn jáde lára igi kan ṣoṣo hàn án rí. Kifayah fi àpò bébà bo ọmọ àgbàdo náà kí irun rẹ̀ tó yọ síta. Nígbà tí irun yọ, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó orí igi náà gan-an sí i, ó sì tún bò ó pa, kí àgbàdo mìíràn má baà dà mọ́ ọn.

Nígbà tó gbin èso rẹ̀, púpọ̀ yọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kan yọ ní funfun báláú, wọ́n rọ, wọ́n sì kú. Ó ní ilẹ̀ ló fà á. Ó hú wọn dànù. Èyí tó kù so tó bẹ́ẹ̀ tí tọmọdé tàgbà fi wá tọrọ irúgbìn. Kò fi du ẹnikẹ́ni.

Òjò ọdún kejì rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí èhù yọ, àwọn èèyàn jáde lọ wo oko wọn. Lóko Fàtáì, ọ̀kan lára àwọn tó gba irúgbìn, lóko ìmáàmù, lẹ́yìnkùlé mọ́ṣáláṣí, èhù funfun yọ káàkiri bí eyín tó ń jáde láti inú ilẹ̀.  

Àfín ni Humairah, ọmọ Mùjíbátù, ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Fàtáì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lójúde: “Ṣé ẹ ò rí àwọ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn ni? Ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń gba àárín oko wa kọjá.”

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹnìkan ti di èhù funfun jọ sẹ́nu ọ̀nà Mùjíbátù.

Kifayah pe Ọmọ́tọ́lá lórí fóònù, ó sì wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo èhù náà títí.

“Ìyá, ṣé irú eléyìí yọ lóko yín lọ́dún tó kọjá?”

“Ó yọ. Mo hú u.”

Ọmọ́tọ́lá mí kanlẹ̀. “Igi tí ẹ mú yẹn ló gbé e sínú. Gbogbo irúgbìn ló ń jogún nǹkan méjì, ọ̀kan láti ara lẹ́búlẹ́bú, ọ̀kan láti ara ìyá tó so ó. Bí ọ̀kan bá dára, ewé á yọ dáadáa, àléébù ìkejì á sá pamọ́. Bí méjèèjì bá lábùkù, funfun ló máa yọ. Nígbà tí ẹ fi lẹ́búlẹ́bú igi náà sí irun òun fúnra rẹ̀, àwọn àléébù tó sá pamọ́ pàdé ara wọn.”

“Àwọn tó yọ dáadáa, tí mo pín, ńkọ́?”

“Púpọ̀ nínú wọn ló gbé e pamọ́, mà.”

Kifayah yíjú sí ọ̀nà ilé Mùjíbátù. “Humairah ńkọ́? Ìyá rẹ̀ dúdú, bàbá rẹ̀ dúdú.”

“Ọ̀nà kan náà ni. Àmọ́ àwọ̀ yẹn ò lè pa á bó ṣe ń pa àgbàdo. Àwọn èèyàn yín ni mo ń bẹ̀rù.”

Lẹ́yìn ìrun alásàrí, Kifayah dúró níwájú mọ́ṣáláṣí. “Irúgbìn mi ni! Èmi ni mo pín in fún yín. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.”

Àwọn kan mi orí. Fàtáì rẹ́rìn-ín. “Ta ló wá kó o sínú igi tiyín?”



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mùjíbátù di ẹrù ọmọ rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó ń mú Humairah lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Adégbayì. Kifayah kí wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Humairah fi ìborùn bojú, kò wẹ̀yìn. Mùjíbátù ló dáhùn.

“Ẹ pẹ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ìyá.”

Kifayah bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹ àgbàdo náà tán, kí wọ́n ra irúgbìn mìíràn. Àwọn kan gbọ́. Fàtáì kò gbọ́. Ó ní ẹni tó ń ba oko jẹ́ ti lọ, àgbàdo náà sì ń so. Ó ti ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ Ẹgbẹ́dá láti gbìn.