Iṣu Kan Ṣì Kù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìtàjí-Èkìtì, ẹ̀wà ṣíṣà ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí a ṣe ń ṣe é: a ó da ẹ̀wà sórí atẹ, a ó ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, ó parí. Tèmi kì í parí. Ojú dúdú tó wà lára ẹ̀wà ni mo máa ń wò, tí màá máa to àwọn olójú gígùn lọ́tọ̀, àwọn olójú róbótó lọ́tọ̀. Omi orí iná á gbẹ, ìyá mi á wá dúró lé mi lórí, á ní, "Rónkẹ́, ẹ̀wà ni mo ní kí o ṣà, n kò ní kí o yan ọkọ láàárín wọn!"

Bí wọ́n bá ń gún iyán nírọ̀lẹ́, ariwo odó máa ń wọ̀ mí létí bí abẹ́rẹ́. Màá di etí méjèèjì, màá sì sá kúrò nínú agbo ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí iyán bá délẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kò sí ẹni tí í wá mi. Ariwo rẹ̀ nìkan ni mo ń sá fún.

Àká iṣu tó wà lẹ́yìn ilé ni mo máa ń sá lọ. Bàbá mi, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, àti Bàbá Túnjí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni wọ́n jọ ni àká náà. Apá ọ̀tún ni ti bàbá mi, apá òsì ni ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi okùn ikó so iṣu mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn tí wọ́n jọ ń lo àká a máa fi èédú sàmì sí iṣu wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá sàmì sí iṣu nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pe ọ̀rẹ́ náà lólè. Nínú òórùn erùpẹ̀ tútù yẹn ni mo máa ń jókòó, tí màá máa wo iṣu bí ẹni ń wo ojú ènìyàn.

Nílé ẹ̀kọ́ ni ọ̀ràn mi ti le. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà wa sọ ìtàn àgùntàn tó sọnù, ó wá bi mí pé, "Adérónkẹ́, kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Mo ní olùṣọ́ náà fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ ní aginjù, a kò sì gbọ́ pé ó so wọ́n mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ ẹni tó fi ṣọ́ wọn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní mo ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, mo ka ihò páànù òrùlé wa tán. Mọ́kànlá ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà wá sílé wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yín ń rí nǹkan, ṣùgbọ́n kì í kó o jọ. Ìwé kò lè yé irú wọn." Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó ní bí a bá ti gbin iṣu tán, òun á mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin ní Àsin, kí n lọ máa yan gàrí. Mo fẹ́ràn ìwé ju ohunkóhun lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò jà lọ́sàn-án gangan, ó sì wó àká náà palẹ̀. Iṣu ọ̀tún àti iṣu òsì dàpọ̀. Nígbà tí òjò dá, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì dúró tì í.

Bàbá Túnjí ní, "Àwọn tó tóbi wọ̀nyí, tèmi ni."

Bàbá mi ní, "Ṣé ilẹ̀ tìrẹ nìkan ni iṣu ti ń tóbi ni?"

"Alàgbà, mo ní ẹ̀rí. Ìwọ ńkọ́? Àbí Bíbélì tí o ń kà fún wa ló fẹ́ jẹ́rìí iṣu?"

Bí ohùn wọn ti ń ròkè ni ìnira bá mi. Mo wọ àárín wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣu. Èyí ti bàbá wa. Èyí ti Bàbá Túnjí. Bàbá mi jágbe mọ́ mi pé kí n wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó fi mí sílẹ̀. Ó mú iṣu kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí rẹ̀, ó ní, "Ta ló ni èyí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ọkọ́ yín ló gé e nídìí níbi tí ẹ fọwọ́ bò yẹn. Ẹ fi eérú pa á. Igi kẹta ló wà, lókè pátápátá."

Ó ṣí ọwọ́. Eérú gbígbẹ wà lójú ọgbẹ́ náà. Ó bọ́ fìlà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Alàgbà! Ọmọ yìí mọ iṣu ju èmi tí mo wà á lọ!"

Mo to gbogbo rẹ̀ tán, kò sí ẹni tó jiyàn. Wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí mo ní, "Ọ̀kan ṣì kù. Ti Bàbá Túnjí, èyí tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ." Wọ́n rọra tú imọ̀ ọ̀pẹ tó wó, a sì bá a lábẹ́ rẹ̀ nínú kòtò.

Bàbá mi gbé iṣu yẹn dání, ó nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ó wá ní, "Tíṣà ní ìtàn àgùntàn kò yé ọmọ yìí. Ta ni kò wá yé nínú wa? Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀kan kù ni olùṣọ́ àgùntàn." Ó yíjú sí mi. "Rónkẹ́, iṣẹ́ kan wà tí Ọlọ́run fẹ́ fi ojú rẹ ṣe. O kò lọ sí Àsin mọ́."

Ìyá mi gún iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó sì kọ́kọ́ rán mi lọ sójúde, kí ariwo odó má bàa dé ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó mọ orúkọ tí a lè pe irú ẹ̀dá tí mo jẹ́. Àgbà ni mo dà kí n tó jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nípa àwọn tó ní ọ̀tísíìmù, ìyẹn àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré. Olùkọ́ náà ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá rí ẹní, ẹní náà lódidi ni wọ́n máa ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé fọ́nrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ bá. Ó ní àìlera ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ti wá gbà báyìí pé ọ̀nà ìwòye kan ni. Omi bọ́ lójú mi. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn ni mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ka irun orí wa níye, tí kì í ṣe orí lódidi nìkan ni ó ń wò.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọ bíi tèmi a máa kúnlẹ̀ ka ihò páànù. Lónìí, àwọn òbí ń mú irú wa wá sílé ìwòsàn láti Ìkọ̀lé àti Odò-Ọrọ̀, wọ́n sì ń bá ẹni tí yóò gbọ́ wọn. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní yàrá tí a ti ń fi awò tó ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá wo ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá ní, "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí mọ́, kò sí kòkòrò ibà níbẹ̀," màá ní kí wọ́n sún fún mi. Màá wò ó láti ìkángun dé ìkángun, bí mo ti ń wo iṣu nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kan mọ́, wọ́n sì ti fẹ́ dá òun àti ìyá rẹ̀ padà sílé nígbà tí mo gbé ojú kúrò lórí awò.

"Ẹ dá wọn dúró," mo ní. "Ọ̀kan ṣì kù."