Ọ̀gá Rọra àti Ọ̀nà Etí Òkun

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nípa Ọ̀gá Rọra ni ti ọjọ́ tó jókòó sínú mọ́tò ní òkè òkun, tó ń retí kí ẹlòmíràn wà á. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ni, wọ́n sì ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí wọ́n háyà. Ọ̀gá Rọra yí mọ́tò náà po, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀ wò, ó ṣílẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì, ó gbé ẹsẹ̀ lé bírékì. Ó kọjú síwájú, ó ní, "Ó yá, wo dígí rẹ. Rọra tan mọ́tò."

Kò sẹ́ni tó tan nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó ní apá òsì, tó gbé báàgì lé itan, kọ́kọ́ rò pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó tún un sọ, obìnrin náà ní, "Bàbá wọn, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Awakọ̀ ni."

"Ẹ wo iwájú yín. Sítíárín ta nìyẹn?"

Ó wo sítíárín náà títí, bí ọkùnrin tí wọ́n ṣàdédé gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti rí i tipẹ́, òun kàn ń dán ìyàwó òun wò ni.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má baà rò pé orí rẹ̀ ò pé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ní ìlú tiwa, apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Olùkọ́ á jókòó sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú bírékì tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Orí àga yẹn ni ọkùnrin yìí ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Ibi tí wọ́n wá lọ yìí, apá ọ̀tún gan-an ni wọ́n fi sítíárín sí. Ara rẹ̀ kàn wọlé sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó ń retí akẹ́kọ̀ọ́.

"Rọra" lọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Rọra. Àwọn tí olùkọ́ mìíràn bá ti lé lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ó kọ́ ìyá oníbúrẹ́dì kan tó máa ń dijú bó bá ti rí tírélà, ìyá náà sì ń wa mọ́tò di òní. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan tó fara pa. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sinmi rí. Bó bá lọ sí ìpàdé, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń yára jù, àwọn tó jókòó tì í á rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀.

Ohun tó gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dé òkè òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Dókítà ojú ló pe òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, tó ní ojú obìnrin náà ń kú lọ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, àti pé kò sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà. Obìnrin náà ò sunkún. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ní òun ti rí ọ̀nà kan lórí tẹlifíṣọ̀n rí, tí wọ́n gbẹ́ sí ìhà òkè, tí òkun tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Mo fẹ́ fojú mi rí i kó tó ṣú mọ́ mi," ó ní.

"A máa lọ," Ọ̀gá Rọra dáhùn. "Èmi fúnra mi ni màá fi mọ́tò gbé ọ gba ibẹ̀."

Kì í ṣèlérí bẹ́ẹ̀ yẹn, nítorí náà gbogbo ilé gbà pé ó ti parí. Wọ́n gbàgbé pé bó ṣe ń kọ́ni ní mọ́tò náà ló ṣe máa ṣètò ìrìn-àjò.

Ó kọ́kọ́ to àga pálọ̀ bí àga inú mọ́tò. Ó ní kí ìyàwó òun gbá ọmọrí ìkòkò mú bíi sítíárín, òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ ọ. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ni èrò ẹ̀yìn. Ọ̀gá Rọra ṣàlàyé pé ògiri òkè wà níbi tẹlifíṣọ̀n, òkun sì wà níbi ilẹ̀kùn ìdáná. Wọ́n ti rìn jìnnà nígbà tí mẹkáníìkì dìde.

"Jókòó. Inú òkun lò ń wọ̀ lọ yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, omi ni mo fẹ́ lọ mu."

"Iyọ̀ wà nínú ẹ̀."

Mẹkáníìkì padà jókòó. Wọ́n ní òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ló gba ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò lọ. Ó jókòó níwájú akọ̀wé, ó bi í léèrè bí ìkùukùu ṣe ń rí lórí òkè náà, àti bóyá ògiri wà létí ọ̀nà. Akọ̀wé dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Ó wá béèrè pé, "Àwọn kọ́nà ibẹ̀, ṣé apá ọ̀tún ni wọ́n ń yà sí, àbí apá òsì?"

"Méjèèjì ni, sà."

Ọ̀gá Rọra dìde, ó ní òun ń lọ sílé lọ rò ó.

Ó rò ó títí. Bí wọ́n bá ti fẹ́ mú ọjọ́, á ní òjò máa rọ̀. Bí òjò bá lọ, á ní èrò ìsinmi ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Lóòótọ́, àwa ará ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ da tíì gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó sì ń dà á lọ, kò mọ̀ pé ife ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá Rọra mú ìkòkò tíì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nu tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ọ̀rọ̀ náà ò pa wá mọ́.

Inú bí mẹkáníìkì, ó lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Gbogbo ìgbà tá a fi ń wa àga nínú pálọ̀, ẹ ò gbá ọmọrí ìkòkò yẹn mú rí. Kí lẹ̀ ń sá fún? Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń lọ."

Ohùn Ọ̀gá Rọra lọ sílẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. "Èmi ni mo máa ń tẹ bírékì fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ṣì í, mo wà níbẹ̀. Bí èmi bá wá ṣì í lórí òkè yẹn, tó jẹ́ pé òun ló jókòó tì mí, ta ló máa tẹ tèmi?"

Mẹkáníìkì lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ tọ ògiri dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ó mú ọjọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó délé, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń lọ. Bẹ́ ẹ bá rọra, kò burú. Bẹ́ ẹ bá dúró, ojú mi ò ní dúró dè yín."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìtìjú ti ibi tí wọ́n ti gba mọ́tò, Ọ̀gá Rọra gbá sítíárín mú, ó sì wà á. Ó rọra débi pé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára wọn, ó tún ráyè kí wọn. Àwọn mọ́tò tò sẹ́yìn wọn lọ bíi ọjà, wọ́n ń fọn fèrè. Níkẹyìn, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà dá wọn dúró.

"Ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?"

"Rárá," Ọ̀gá Rọra wí. "Ìyàwó mi ń wò ni."

Ọlọ́pàá náà bẹ̀rẹ̀ wo inú mọ́tò. Ó rí obìnrin kan tó ń yí gbogbo orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè kó òkun náà sínú ìwọ̀nba ojú tó kù fún un. Ó nàró, ó ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn kọjá, ó sì ní kí tọkọtìyàwó náà máa lọ bó ṣe wù wọ́n.

Kò pẹ́ tí wọ́n padà délé tí òkùnkùn bo ojú obìnrin náà pátápátá. Ọ̀gá Rọra ṣì wà láàyè lẹ́yìn ìyẹn, ó ń mú un lọ́wọ́ rìn káàkiri ilé, títí ìgbà tí òun náà fi sùn tí kò jí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kún pálọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ló tún ìtàn sítíárín sọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mẹkáníìkì, a ò sì mọ èwo lẹ̀rín, èwo lẹkún.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ká rín in tán. "Ẹ máa rín in," ó ní, "òun náà máa ń rín in. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn dé òpin rẹ̀. Síbẹ̀, kò dúró. Mo wo òkun, ó dáa. Mo wo òkè, ó dáa. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé òpin, mo yíjú kúrò níbẹ̀, òun ni mò ń wò. Kò mọ̀ pé mò ń wo òun. Mi ò wo nǹkan mìíràn mọ́ títí a fi dé."

Àbúrò rẹ̀ bi í bí ọkùnrin náà ṣe rí.

"Ó ń làágùn," ó ní. "Ó feyín di ètè mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ. Ó rẹwà gan-an ni."