Nọ́ńbà Pupa Ara Ẹ̀rọ Ìyá Mi

Ìlú Oǹdó ni bàbá mi ń gbé. Òun nìkan ló kù nílé láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ tí n kò sì tíì ríṣẹ́, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wá sí Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí òun náà ń ránṣọ. Ó fẹ́ máa lò ó. Àmọ́ ọ̀dà ti ṣí kúrò nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin rẹ̀, èyí tó ń sọ bí abẹ́rẹ́ yóò ṣe gún aṣọ súnmọ́ra tó. Mo ní èmi máa tún wọn kùn.

Kì í ṣe torí ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ń gbàgbé ìyá mi. Ohùn rẹ̀ ti ń jìnnà sí mi, mo sì rò pé bí ẹ̀rọ yìí bá padà sí bó ṣe wà, nǹkan kan nínú mi náà á padà. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára mi nìyẹn.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì fọ ìdọ̀tí inú nọ́ńbà náà. Mo ki ọ̀dà funfun bọ̀ ọ́, mo wá wé àkísà mọ́ pákó pẹlẹbẹ láti fi nu ojú irin, torí bí àkísà bá rọ̀ jù, yóò wọnú ibi tí wọ́n fín, yóò kó ọ̀dà jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kọjá. "Ọ̀gá oníkútẹ́ẹ̀sì! Ẹ̀rọ lò ń kùn ni, àbí ìyàwó?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Sísí."

Nígbà tí mo dé orí nọ́ńbà kẹta, mo rí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀. Mo pe bàbá mi lórí fóònù.

"Ìyá rẹ ló fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún," ó ní. "Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi: 'Màámi, nọ́ńbà wo la ó fi rán yunifọ́ọ̀mù?' Ó ní, 'Ẹ wo pupa, ẹ jẹ́ n gbádùn!'" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó ṣẹ́ kù díẹ̀, sà. N kò ní fọwọ́ kàn án."

"O ò ní kí ni? Tún un kùn! Bí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé ni ìyá rẹ máa ń tún un kùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Pupa yẹn nìkan ni mo rí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi gan-an, mo sì fẹ́ pa á mọ́. Kútẹ́ẹ̀sì tuntun máa ń yọ́ èyí tó ti gbẹ. Bí mo bá fi kàn án, kò ní sí tirẹ̀ lọ́tọ̀ mọ́. Síbẹ̀ mo lọ ra ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan ládùúgbò Arákálẹ̀. Mo jókòó tì í pẹ́, mo ń ṣí i, mo ń dé e. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ òun ni, ì bá ti kùn ún, ì bá sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo kùn ún. Tirẹ̀ yọ́ pọ̀ mọ́ tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ki yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó yí ẹ̀rọ sí nọ́ńbà pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Àárò ìyá mi sọ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fa àga mi súnmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo bá a di etí aṣọ mú.