Ìlà Tó Ń Gòkè Lórí Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi tí mo ṣe ìdánwò yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, tí ìdánwò náà sì ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni bàbá wa ní kí n máa ṣọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kan péré ló fi jù mí, àmọ́ òun wọlé. Látìgbà táwọn olùkọ́ wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ló ti wà nílé, nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ń ṣírò bí wọ́n ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ gbá átọ́ọ̀mù tó tutù ju yìnyín lọ.

Bàbá wa ní, "Nǹkan tójú ò rí ló ń gbá? Gbájúẹ̀ ni. Tí mo bá rí ẹ̀rí, inú odó ni kọ̀ǹpútà yẹn ń lọ."

Mo yọ́ lọ sẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀pà lẹ́nu. Ìlà méjì ni mo rí. Ọ̀kan sùn gbalaja, èkejì ń gòkè bí ẹni ń gun òkè Àdó-Àwáyè. Ni mo bá sáré. "Bàbá, ó ti rí èèyàn mú, owó ẹ̀ ń gòkè!"

Bàbá ti kọ̀ǹpútà mọ́nú àpótí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Mọ́ńdè ni olùkọ́ mi ń retí iṣẹ́ yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, a lọ kó iṣu lọ́nà Kòmú, ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀. À ń tì í, ó ń padà. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ò bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ní, "Ẹ jẹ́ kó padà wá ná. Tó bá tún fẹ́ lọ síwájú, ká tì í nígbà yẹn." Ó ń kà, à ń tì. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ jáde. Èmi wọlé: mo fojú gbálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Bàbá ń wò ó tìfura-tìfura. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kọ̀ǹpútà yẹn ni sà. Tí wọ́n bá ń gbá átọ́ọ̀mù lásìkò tó bá a mu gẹ́ẹ́, ìkan ń gbe ìkejì lẹ́yìn, eré ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìlà tó ń gòkè nìyẹn. Tásìkò ò bá bá a mu, á sáré díẹ̀, á ní ó tó. Ẹ gbá a títí dọ̀la, kò ní yára sí i mọ́."

"Hùn. Ẹlẹ́tàn náà mọ àsìkò."

Síbẹ̀, wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ, jókòó tì í. Tí ìlà yẹn bá gbéra, pè mí."

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó gbéra. Mo pariwo. Bàbá dé pẹ̀lú awòjú wọn, wọ́n sún mọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Kò séèyàn nínú ẹ̀?"

"Kò sí sà."

Wọ́n fa àga. "Tún un gbá, kí n fojú ara mi rí i."